Ọ̀sẹ̀ méjì, oṣù mẹ́ta tàbí ọdún kan? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ lọ ṣe míṣọ́n láàárín ọmọ ilé ìwé nílẹ̀ òkèèrè

Bí ọdún tuntun bá ti wọlé, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù a bẹ̀rẹ̀ sí í dúró dè mí lẹ́yìn ìsìn. "Àǹtí, mo fẹ́ lọ míṣọ́n lọ́dún yìí. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé ni mo fẹ́ lọ. Ibo ló dáa?" Wọ́n ń retí kí n dárúkọ ìlú, tàbí kí n sọ iye tí yóò ná wọn. Èmi a kọ́kọ́ bi wọ́n ní ìbéèrè kan: ní ọjọ́ Ajé tó bá tẹ̀lé ọjọ́ tí ẹ wọ báálù padà wálé, ta ni yóò dúró níwájú àwọn ọmọ náà nínú kíláàsì, kí ni yóò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ kí ẹ tó dé?

Ìbéèrè yìí ni mo fi ń wọn gbogbo ọ̀nà tí mo fẹ́ fi wé ara wọn nísàlẹ̀ yìí. Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti rí i. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí, ìlú tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ ní 1898, tí ilé ìwòsàn wọn sì ti wà láti 1907. Àwa ọmọ ibẹ̀ mọ àlejò òyìnbó dáadáa. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta, àwọn kan wá sí ilé ìwé wa fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n kọrin, wọ́n fún wa ní bàlúùnù, wọ́n yà wá ní fọ́tò. Ọ̀kan nínú wọn kọ orúkọ mi sínú ìwé kékeré kan, ó ní òun yóò kọ lẹ́tà sí mi. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì táàmù yẹn ni mo fi ń bi tíṣà wa bóyá lẹ́tà mi ti dé.

Ìyá mi náà ní òyìnbó tiẹ̀: obìnrin kan tó kọ́ wọn ní ìṣirò fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó gbọ́ Yorùbá débi pé ọmọ kankan kò lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Títí ìyá mi fi darúgbó, bó bá ń ṣírò owó ọjà, ọ̀nà tí obìnrin yẹn fi kọ́ ọ ló ń lò. Àwọn tó wá fún ọ̀sẹ̀ kan kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n fẹ́ràn wa, a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀, mo sì mọ ohun tí obìnrin yẹn fi sílẹ̀.

## Ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú ìjọ

Èyí ló wọ́pọ̀ jù. Ìjọ a kó èèyàn mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jọ, wọn a ta oúnjẹ lẹ́yìn ìsìn láti fi wá owó, wọn a sì gbéra ní oṣù kẹjọ, torí pé ìgbà náà ni ilé ìwé wà ní ọlidé ní ìlú Ọba.

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro àkọ́kọ́ wà. Ní Kẹ́ńyà, táàmù kejì máa ń parí ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ. Nígbà tí ẹ bá fi máa dé, àwọn náà ti wà ní ọlidé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, ìlú kékeré kan ní ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà ni wọ́n gbé wa lọ. Ọ̀gá ilé ìwé ti ránṣẹ́ káàkiri abúlé pé kí àwọn ọmọ padà wá nítorí àlejò. Wọ́n wọ yunifọ́ọ̀mù nínú ọlidé, wọ́n fẹsẹ̀ rìn wá, kí àwa lè rí ilé ìwé tí a ti sọ fún ìjọ wa pé a ń lọ. Àwọn tíṣà tó yẹ kí wọ́n wà lóko wọn jókòó sẹ́yìn kíláàsì, wọ́n ń wò wá.

A kọrin, a sọ ìtàn Dáfídì àti Gòláyátì, a gé bébà, a lẹ̀ ẹ́. Inú àwọn ọmọ dùn, mi ò ní purọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn, tíṣà obìnrin kan tó ń kọ́ kíláàsì kejì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti 2017 ni Kẹ́ńyà ti ń fi ètò ẹ̀kọ́ tuntun rọ́pò èyí tí wọ́n ń pè ní 8-4-4, nǹkan sì ti yí padà mọ́ àwọn tíṣà lọ́wọ́. Ó rọra béèrè lọ́wọ́ mi bóyá a ní ohunkóhun tó lè ran òun lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké bí a ṣe ń kàwé. Nínú àpò mi, ogójì bébà tí wọ́n ya ọkọ̀ Nóà sí ló wà, kí àwọn ọmọ lè kùn ún ní ọ̀dà. Mi ò ní nǹkan kan tí mo lè fún un.

Mi ò torí ìyẹn sọ pé ọ̀sẹ̀ méjì kò wúlò. Iṣẹ́ tó bá ọ̀sẹ̀ méjì mu wà. Kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń fi ṣe ni. Bí ẹ bá ní tíṣà gidi méjì tàbí mẹ́ta láàárín yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó ti àwọn tíṣà ibẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, lórí ohun tí àwọn tíṣà náà fúnra wọn béèrè fún, kí àwọn tó kù máa bá àwọn ọmọ ṣeré níta. Tíṣà yẹn ni yóò dúró ní kíláàsì lọ́jọ́ Ajé. Bí ẹ bá fẹ́ bá ilé ìwé lẹ́nu iṣẹ́, oṣù kìíní tàbí oṣù kẹsàn-án ni kí ẹ lọ. Bó bá jẹ́ oṣù kẹjọ nìkan lẹ ráyè, ẹ pe nǹkan náà ní orúkọ rẹ̀: ẹ̀kọ́ Bíbélì àkókò ọlidé. Ti ìjọ ibẹ̀ ni. Kí àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi wọn máa darí, kí ẹ̀yin máa gbé àga.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Bí èèyàn 12 bá ń lọ, tí tíkẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ £700 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, £8,400 ti bá báálù lọ kí ẹnikẹ́ni tó mu omi. Mo mọ èsì tí àwọn èèyàn máa ń fún mi: owó náà kò ní jáde rárá bí kì í bá ṣe pé ọmọ ìjọ ló ń lọ. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìwé ìjọba ní Kẹ́ńyà ló ní tíṣà tí ìjọba kò gbà síṣẹ́, tí ìgbìmọ̀ ilé ìwé fúnra rẹ̀ ń wá owó oṣù fún. Ẹ béèrè iye tí ọ̀kan nínú wọn ń gbà lóṣù. Ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ £8,400 yẹn, kí ìgbìmọ̀ míṣọ́n yín rí méjèèjì lórí bébà kan náà kí wọ́n tó pinnu.

## Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà

Youth With A Mission, ẹgbẹ́ míṣọ́n tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí YWAM, ti wà láti 1960. Ilé ẹ̀kọ́ ọmọ-ẹ̀yìn wọn, DTS, máa ń gbà tó oṣù márùn-ún sí mẹ́fà: oṣù mẹ́ta nínú kíláàsì, ìyókù lójú iṣẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Mo máa ń sọ fún ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé pé ó dáa, ṣùgbọ́n kí ó mọ ẹni tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Òun gan-an ni. Ìgbàgbọ́ tirẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé ró. Àwọn ọmọ ilé ìwé wà ní apá kejì, ẹgbẹ́ a sì tún máa ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Ẹni tó bá mọ èyí kó tó lọ, ọkàn rẹ̀ kò ní dàrú níbẹ̀.

Ẹni tó wà ní Nàìjíríà kò ní láti wá òyìnbó tí yóò rán an. Calvary Ministries, ìyẹn CAPRO, bẹ̀rẹ̀ ní Zaria ní 1975, láàárín àwọn ọ̀dọ́, ó sì ti rán ọmọ Nàìjíríà lọ sí orílẹ̀-èdè púpọ̀. Wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́n tiwọn. Ẹ kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn ibẹ̀.

Ọ̀nà tí èmi fẹ́ràn jù, tí àwọn èèyàn kì í sì í rò, ni ti aládùúgbò. Lábẹ́ àdéhùn ECOWAS ti 1979, ọmọ Nàìjíríà lè wọ Olómìnira Benin tàbí Tógò láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́. Ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́, ní Sákété, ní Àjàṣẹ́ tí àwọn ará òde ń pè ní Porto-Novo, Yorùbá wà lẹ́nu àwọn ọmọ.

Mo lo oṣù mẹ́ta ní abúlé kan lẹ́yìn Kétu, lábẹ́ ìjọ ibẹ̀. Mo rò pé Yorùbá mi ti tó. Ó tó dé ìdajì. Lábẹ́ igi lẹ́yìn ilé ìwé, àwọn ọmọ ń gbọ́ mi, wọ́n ń fi ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ń tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Ṣùgbọ́n bí agogo bá ti lù, Faransé ni. Faransé ni tíṣà ń sọ, Faransé ló wà lójú pátákó. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó lè pa àlọ́ Ìjàpá láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́. Nínú kíláàsì, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni tí wọ́n fi òwú dí lẹ́nu. Ìṣirò tó gba òdo lé lórí ní Faransé, mo bi í ní Yorùbá lábẹ́ igi, kí n tó sọ ọ̀rọ̀ tán ó ti dáhùn. Mo tún bi í ní òmíràn, ó tún gbà á. Ni mo bá ní ká jọ sọ ọ́ ní Faransé, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé ọ̀rọ̀ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Faransé tirẹ̀ ju tèmi lọ. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ nawọ́ sókè nínú kíláàsì, tíṣà rẹ̀ ló wá sọ fún mi ní ọgbà ìjọ, ojú rẹ̀ ń dán.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú gbogbo ìrìn-àjò mi, ohun tó wà lẹ́nu mi ló wúlò, kì í ṣe àpò ẹ̀bùn tí mo gbé kọ́rùn. Tíṣà tó mọṣẹ́ jù mí lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, bí kò bá gbọ́ Yorùbá, kò lè ṣe é. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo sì ti bẹ ọ̀dọ́bìnrin kan nínú ìjọ pé kí ó máa jókòó tì mí. Nígbà tó di oṣù kejì, òun ló ń darí, èmi ni mo ń jókòó tì í. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé tí mo ti padà sí Lọ́ńdọ̀nù, òun ló wà lábẹ́ igi.

Ẹ kíyè sí èyí: ìjọba Benin kì í ṣe ti ẹ̀sìn kankan, ilé ìwé ìjọba níbẹ̀ kì í sì í ṣe ibi ìwàásù. Iṣẹ́ àṣetiléwá là ń ṣe lábẹ́ igi. Bíbélì wà fún ọjọ́ Àbámẹ́ta, nínú ọgbà ìjọ, fún ọmọ tí òbí rẹ̀ bá yọ̀ǹda.

## Ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Lójú tèmi, ó máa ń tó ọdún kan kí ojú àlejò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ríran nínú ilé ìwé: kí ó tó mọ ọmọ tí kò jẹun láàárọ̀, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, ọmọ tó ń purọ́ pé òun gbàgbé ìwé sílé nígbà tó jẹ́ pé kò ní ìwé rárá.

Tíṣà tó gba ìwé ẹ̀rí ni ọ̀nà yìí wà fún. Ẹ bi ara yín ní ọ̀rọ̀ kan kí ẹ tó gbà: ṣé tíṣà ọmọ ìlú wà tó lè ṣe iṣẹ́ náà, tó kàn jẹ́ pé owó oṣù rẹ̀ ni kò sí? Bó bá wà, kí ló dé tí ẹ̀yin fi fẹ́ lọ jókòó sórí àga rẹ̀?

Apá kan wà tí àwọn ìjọ wa kì í kà sí míṣọ́n: kíkọ́ ọmọ àwọn míṣọ́nnárì. Rift Valley Academy ní Kijabe, Kẹ́ńyà, ti wà láti 1906. Hillcrest ní Jos, nílẹ̀ tiwa ní Nàìjíríà, ti wà láti 1942. Àwọn ọkọ̀ ojú omi ìwòsàn Mercy Ships náà ní ilé ìwé nínú ọkọ̀ fún ọmọ àwọn òṣìṣẹ́. Bí ọmọ dókítà kò bá rí ilé ìwé lọ, dókítà á palẹ̀ mọ́, yàrá iṣẹ́ abẹ á sì di títì. Tíṣà tó dúró síbẹ̀ ló dá dókítà dúró. Ẹ mọ̀ dájú pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wá ẹni tí yóò máa gbọ́ bùkátà yín, torí lọ́pọ̀ irú ibi bẹ́ẹ̀ wọn kì í san owó oṣù.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn tó pẹ́, mi ò lè ṣàìdárúkọ Kúdẹtì, àdúgbò kan ní Ìbàdàn. Ní 1853, David àti Anna Hinderer, tọkọtaya míṣọ́nnárì, dé Ìbàdàn. Olóyè Olúńlọ́yọ̀ọ́ fa ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n kọ́ wọn níwèé. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etíkun dí, ebi bá wọn fínra, síbẹ̀ wọn ò tú agbo àwọn ọmọ náà ká. Wọ́n padà lọ sílé ní 1869, Daniel Olúbí tó ti ń gbé pẹ̀lú wọn tipẹ́ ló sì gba iṣẹ́ náà. Mi ò ní kí ẹ lọ lo ọdún mẹ́rìndínlógún. Olúbí ni kí ẹ wò.

## Ẹ wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Ọ̀sẹ̀ méjì | Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà | Ọdún kan sókè |
|---|---|---|---|
| Ẹni tó bá mu | Tíṣà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó ti mọ ìjọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ | Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì | Tíṣà tó gba ìwé ẹ̀rí |
| Ibi tí owó ń lọ | Tíkẹ́ẹ̀tì ló jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ | Owó ẹ̀kọ́, ilé àti oúnjẹ | Bùkátà ojoojúmọ́, lọ́wọ́ àwọn alátìlẹ́yìn |
| Èdè | Ògbufọ̀ ló ń bá yín sọ̀rọ̀ | Ìkíni, orin, ọ̀rọ̀ kíláàsì. Ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹ bá ti gbọ́ èdè náà tẹ́lẹ̀ | Kò sí àwáwí, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́ ọ |
| Ohun tó lè bàjẹ́ | Àwọn ọmọ di ohun tí a ń wò | Ẹ ń kúrò lọ́jọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wúlò | Ẹ gba ipò tíṣà ọmọ ìlú |
| Ọjọ́ Ajé | Tíṣà ibẹ̀, bí ẹ bá bá a ṣiṣẹ́ | Ẹni tí ẹ kọ́ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ | Ẹ̀yin fúnra yín, lẹ́yìn náà ẹni tí ẹ tọ́ dàgbà nínú iṣẹ́ |

## Ilé ìwé tàbí ilé ọmọ aláìlóbìí?

Níbí, mi ò ní fi nǹkan kan wé nǹkan kan pẹ́ títí. Ilé ìwé ni kí ẹ yàn.

Nígbà tí UNICEF wádìí àwọn ilé ọmọ aláìlóbìí ní Kàǹbódíà, wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ ló ní òbí tó wà láàyè. Owó àti àánú àwọn àlejò ló ń jẹ́ kí irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i, ilé tó bá sì ti kọ́ tán gbọ́dọ̀ rí ọmọ kún un. Ní 2017, ìjọba Kẹ́ńyà dáwọ́ ìforúkọsílẹ̀ ilé tuntun dúró. Ní 2019, ìpàdé gbogboogbò Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè pè fún àbójútó lórí ìrìn-àjò ìyọ̀ǹda ara ẹni sí irú ilé bẹ́ẹ̀, nítorí ìpalára tó ń ṣe fún ọmọ.

Ẹ tún ro ti ọkàn ọmọ náà. Ọmọ ilé ìwé tí ẹ fi sílẹ̀ lọ yóò sunkún díẹ̀, yóò sì padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lálẹ́. Ọmọ tó ń gbé nínú ilé yẹn kò ní ẹni tí yóò padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ́ni ogún tó gbé e jókòó lórí ẹsẹ̀, tó sì lọ. Àwọn kan máa ń fi Jákọ́bù dá mi lóhùn, pé ó ní ká bójú tó aláìní baba. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ ka ọ̀rọ̀ náà parí: ó dárúkọ opó pẹ̀lú rẹ̀. Opó yẹn ni ìyá ọmọ náà. Ẹ ràn án lọ́wọ́ kí ó lè tọ́jú ọmọ rẹ̀ nílé.

## Kẹ́ńyà, Benin tàbí Sàró?

Ti Benin, mo ti sọ èyí tó pọ̀ jù. Kẹ́ńyà ló rọrùn jù fún ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kiswahili ló máa jẹ́ kí àwọn ọmọ sún mọ́ yín. Ẹ̀kọ́ ìsìn Kristẹni jẹ́ iṣẹ́ inú kíláàsì níbẹ̀, àyè sì tún wà nínú àkókò ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ fún ìtọ́ni nípa ti ẹ̀mí, nítorí náà ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún yín láìfipá wọlé. Láti oṣù kìíní 2024, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ àlejò ti ń gba ìyọ̀ǹda ìwọ̀lú. Ti àlejò nìkan ni ìyẹn. Ẹni tó fẹ́ pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọ tàbí iṣẹ́ àánú gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ tirẹ̀, Class I ni wọ́n ń pè é. Ẹ má fi ìwé àlejò ṣiṣẹ́ ọdún kan. Ìjọ tó gbà yín lálejò ni ìyà rẹ̀ yóò jẹ.

Sàró, ìyẹn Sierra Leone, yóò mú inú ọmọ Yorùbá dùn. Freetown ni wọ́n sọ Àjàyí Crowther kalẹ̀ sí ní 1822 lẹ́yìn tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, ibẹ̀ ló ti kàwé, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní 1827, ó sì ṣe tíṣà kí ó tó di àlùfáà. Títí dòní, ẹ óò gbọ́ àkàrà àti àwùjọ nínú èdè Krio, ẹ óò bá Bánkọ́lé pàdé lójú pópó. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ. Láti 2018 tí ìjọba ti sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, kíláàsì ti kún àkúnya ní ọ̀pọ̀ ibi.

Ohun méjì kí ẹ tó yàn án. Àkọ́kọ́, oṣù kẹjọ ni òjò pọ̀ jù ní Freetown. 14 oṣù kẹjọ 2017 ni òkè ya lulẹ̀ ní Regent, tó pa èèyàn rẹpẹtẹ. Ìkejì, Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní orílẹ̀-èdè náà, kódà nínú ilé ìwé míṣọ́n. Àwa Yorùbá kò yẹ kí èyí rú wa lójú. Ta ni kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí tó ń kírun nínú wa? Bí ẹ ò ṣe ní fẹ́ kí àlejò fi bísíkíìtì fa ọmọ ẹ̀gbọ́n yín wọ ṣọ́ọ̀ṣì láìsọ fún un, ẹ má ṣe é fún ọmọ ẹlòmíràn.

## Ìwé àti ààbò ọmọ

Ní ìlú Ọba, ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ gbé yín lọ sọ́dọ̀ ọmọdé gbọ́dọ̀ béèrè DBS, ìyẹn ìwé tó ń fi hàn bóyá èèyàn ti hùwà ọ̀daràn rí. Fún iṣẹ́ pẹ̀lú ọmọdé lókè òkun, irú ìwé bẹ́ẹ̀ mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní ICPC (International Child Protection Certificate). Ní Nàìjíríà, ẹ gba ìwé ẹ̀rí ìwà lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ẹgbẹ́ tó bá ní "àwa mọ̀ yín, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu" ni kí ẹ sá fún jù lọ, torí pé bí wọ́n ṣe sọ fún yín ni wọ́n sọ fún gbogbo èèyàn.

Lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́? Àgbàlagbà méjì nígbà gbogbo, ẹ má dá wà pẹ̀lú ọmọ kankan. Ẹ má ya fọ́tò ọmọ tí òbí àti ilé ìwé kò gbà, ẹ má sì kọ orúkọ ọmọ àti ilé ìwé rẹ̀ sí abẹ́ fọ́tò lórí Facebook. Ẹ má ṣèlérí lẹ́tà. Ọmọ á máa retí ẹ̀. Ẹ gba káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, ẹ sì bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa oògùn ibà kí ó tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

## Ohun tí ẹ máa kó sápò

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ṣì ń kó ìwé aláwọ̀ tí kò ní ọ̀rọ̀ lọ, tàbí ẹ̀gbà ọwọ́ tó ní irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀. Spurgeon ló kọ́kọ́ fi wàásù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1866: ojú ìwé dúdú fún ẹ̀ṣẹ̀, pupa fún ẹ̀jẹ̀ Jésù, funfun fún ìwẹ̀nùmọ́. Moody fi àwọ̀ wúrà kún un ní 1875. Mo ti dúró níwájú àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, èmi aláwọ̀ dúdú, mo na ojú ìwé dúdú sókè, mo ní àwọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ nìyí. Ọmọbìnrin kan wo apá ara rẹ̀. Mi ò lò ó mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹgbẹ́ tó di Scripture Union bẹ̀rẹ̀ ní Islington ní 1867 pẹ̀lú ọmọ 15. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Josiah Spiers kọ "Ọlọ́run jẹ́ ìfẹ́" sórí yanrìn etíkun ní Llandudno, ó sì ní kí àwọn ọmọ fi ìkarawun ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Kò ná an ní kọ́bọ̀. Ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀ níbẹ̀: yanrìn, òkúta, àlọ́, orin tí àwọn ọmọ ti mọ̀. Ìwé kíkà, ẹ rà á ní ṣọ́ọ̀bù ìlú wọn, tó bá ètò ẹ̀kọ́ wọn mu, kí owó náà sì dúró síbẹ̀.

## Bí ẹ kò bá lọ

Ẹni tó ní bàbá tó ń ṣàìsàn nílé, tàbí ọmọ ọwọ́, tàbí gbèsè, kí ó dúró. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àpótí bàtà tí a ń kó ẹ̀bùn Kérésìmesì sí, tó bẹ̀rẹ̀ ní Wrexham ní 1990, dára láti fi kọ́ àwọn ọmọ tiwa ní ìfúnni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní láti yan ọ̀kan, owó oṣù tíṣà kan fún táàmù kan ni èmi yóò yàn, nípasẹ̀ ìjọ tí ẹ mọ̀, pẹ̀lú rìsíìtì láti ọ̀dọ̀ ilé ìwé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kí ó kúrú. Ẹ bi wọ́n nígbà tí táàmù wọn ń bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó ń parí. Ẹ bi wọ́n ní ohun kan tó le jù fún àwọn tíṣà wọn lọ́dún yìí. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ ẹni tí yóò bá yín ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, tí yóò sì máa bá a lọ. Ìlànà ọmọlúàbí wọn lè mú kí wọ́n kọ̀wé pé "ẹ ṣáà máa bọ̀, inú wa á dùn", bí àwa náà ṣe máa ń sọ fún àlejò. Ẹ fi sùúrù tún bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Táàmù kìíní ní Kẹ́ńyà ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní, nítorí náà kí lẹ́tà náà ti jáde lọ́wọ́ yín kí oṣù kẹsàn-án tó parí.